Mudu tí wọ́n lù ní ìdí: ta ni ojúkòkòrò ń pa lára nínú wa?

ÌyáÌbejì_Kubwa (ẹni tí ó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀), ọjọ́ Ajé

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará nínú Olúwa. Ọ̀rọ̀ kan ti wà lọ́kàn mi láti ọjọ́ Sátidé, mo sì fẹ́ kí a jọ yẹ̀ ẹ́ wò láìsí ìbínú.

Ní ọjà kan ní agbègbè wa ní Kubwa, ní Àbújá níhìn-ín, mo máa ń ra ìrẹsì àti ẹ̀wà lọ́wọ́ arábìnrin kan tí a jọ ń jọ́sìn nínú ìjọ kan náà. Òun ni ó máa ń lé orin nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin bá ń darí ìsìn. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ti ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀, n kò sì wo mudu rẹ̀ rí. (Fún ẹ̀yin tí ẹ wà nílé tí ẹ kò mọ mudu, abọ́ tí a fi ń wọn oúnjẹ ní apá Àríwá níhìn-ín ni, bí ẹ̀yin ti ń lo kóńgò ní Ìbàdàn.) Ní Sátidé yìí, òjò ṣú, ó ń sáré palẹ̀ mọ́, ó sì dojú mudu náà dé sórí àpò. Ibẹ̀ ni mo ti rí ìdí rẹ̀. Wọ́n ti lù ú láti ìsàlẹ̀ títí ó fi wọnú, kòtò tí ó wà níbẹ̀ sì jìn débi pé ẹyin adìẹ kan lè jókòó sínú rẹ̀ kí ó má yí. Nígbà tí mo délé, mo fi mudu tèmi tún ìrẹsì náà wọ̀n. Mudu márùn-ún tí mo sanwó rẹ̀ di mẹ́rin àti ìwọ̀nba díẹ̀ tí kò kún ife tíì.

Kì í ṣe ìrẹsì ni ó ń dùn mí. Ohun tí ó ń dùn mí ni pé láti ọjọ́ náà, gbogbo ẹni tí ó bá bọ̀ mí lọ́wọ́ lẹ́yìn ìsìn ni mo ń wò tìfura-tìfura, títí kan àwọn tí kò tà nǹkan kan fún mi rí. N kò tíì bá arábìnrin náà sọ ohunkóhun. Ìbéèrè mi ni pé, ṣé ọ̀rọ̀ èmi pẹ̀lú rẹ̀ nìkan ni èyí, tàbí ọ̀rọ̀ gbogbo ìjọ?

OnírẹsìDeiDei

Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá wa. Oníṣòwò oúnjẹ ni èmi náà, n kò sì fẹ́ kí a tètè pe arábìnrin yẹn ní ọ̀kánjúwà. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọjà ti rí. Ìjọba fúnra rẹ̀ ni ó kéde pé ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, owó oúnjẹ ti fi ìdá 40.87 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí ti ọdún tí ó ṣáájú, ẹni tí ó bá sì ń rà ní àpò tí ó ń tà ní mudu mọ̀ pé ìṣirò yẹn kò parọ́. Owó ọkọ̀ wà níbẹ̀, owó àwọn alábàárù wà níbẹ̀, owó tíkẹ́ẹ̀tì òwúrọ̀ wà níbẹ̀.

Bí mo bá gbé owó lé mudu tí ó pé, oníbàárà yóò na ọrùn wo ìsọ̀ kejì, níbi tí owó ti dín díẹ̀ tí ìdí mudu sì ti wọnú. Kò ní yẹ ìdí wò. Iye owó nìkan ni yóò gbọ́, yóò sì sọ lójú mi pé ọjà tèmi ti wọ́n jù. Bí ẹ bá ti fi oṣù mẹ́ta wo ìrẹsì tí kò tà, tí owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ sì ń bọ̀, ẹ ó mọ ìdí tí àwọn kan fi ń gbé mudu wọn lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ó ní òòlù. Ẹ̀rù ni mo pe èyí, n kò pè é ní ojúkòkòrò.

Alàgbà_Lugbe

Ará wa onírẹsì, ẹ ṣeun tí ẹ sọ òtítọ́ ọjà fún wa. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún ohun tí ẹ kọ kà. Ẹ ní ẹni tí mudu rẹ̀ pé ni ó dà bí ọ̀wọ́n lójú oníbàárà. Èyí já sí pé ẹnì kan ni ó kọ́kọ́ lu ìdí mudu, ẹni kejì lù ú kí ọjà má bàa bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni kẹta tẹ̀ lé wọn, títí ó fi ku olóòótọ́ kan ṣoṣo tí àwọn ènìyàn ń pè ní ọlọ́jà ọ̀wọ́n. Ojúkòkòrò ẹni àkọ́kọ́ ni ó di ẹ̀rù fún gbogbo àwọn yòókù.

Ìdí nìyí tí n kò fi gbà pé ọ̀rọ̀ ẹni méjì ni. Ẹ rántí Ákánì nínú Jóṣúà orí 7. Ẹ̀wù Bábílónì kan tí ó dára, igba ṣékélì fàdákà àti wúrà kan tí ó wọn àádọ́ta ṣékélì ni ó kó nínú ìkógun Jẹ́ríkò, èyí tí Ọlọ́run ní kí ẹnikẹ́ni má mú fún ara rẹ̀, tí ó gbẹ́lẹ̀ nínú àgọ́ rẹ̀ tí ó sì bò wọ́n mọ́lẹ̀. Òun nìkan ni ó mọ ohun tí ó wà lábẹ́ ẹní rẹ̀, síbẹ̀ àwọn ọkùnrin bí 36 ni ó kú nígbà tí Ísírẹ́lì lọ bá ìlú Áì jà, àwọn tí kò fojú kan ẹ̀wù náà rí. Nígbà tí Ọlọ́run sì máa sọ̀rọ̀, kò sọ pé Ákánì ti dẹ́ṣẹ̀. Ohun tí ó sọ ni pé Ísírẹ́lì ti dẹ́ṣẹ̀. Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, mo máa ń rò pé ìdájọ́ yẹn le jù. Láti ìgbà tí mo ti ń gbé ní Àbújá, tí mo ń rí bí ìwà ẹnì kan ṣe ń sọ gbogbo àdúgbò di ẹlẹ́nu méjì, n kò bá Ọlọ́run jiyàn lórí rẹ̀ mọ́.

Ní ti mudu fúnra rẹ̀, wòlíì Ámósì ti bá àwọn ará Ísírẹ́lì wí lórí ohun kan náà: wọ́n ń retí kí ọjọ́ ìsinmi kọjá kí wọ́n lè ṣí ọjà, kí wọ́n sọ òṣùwọ̀n di kékeré kí wọ́n sì sọ owó di ńlá. Ẹ kíyè sí i pé àwọn ènìyàn náà kò pa ìsìn jẹ. Wọ́n jókòó nínú rẹ̀, wọ́n ń ka wákàtí.

BàbáPOS_Nyanya

Mo ti ka ọ̀rọ̀ yín lẹ́ẹ̀mejì kí n tó kọ èyí.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Nàìjíríà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 kò lè gbàgbé àkókò tí owó náírà dàwátì. Báńkì àgbà ti yí àwọ̀ 200, 500 àti 1,000 padà, wọ́n ń gba owó àtijọ́ wọlé, tuntun kò sì tó. Títí di ọjọ́ 3 oṣù Kẹta, nígbà tí ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ sọ pé kí a máa ná owó àtijọ́ lọ títí di ìparí ọdún, owó ni a fi ń ra owó. Èmi ń ṣe POS ní ẹ̀gbẹ́ títì ní Nyanya. Mo ní ẹnì kan ní báńkì tí ó ń fún mi lówó láti ẹ̀yìn, òun náà sì ń gba tirẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ gba 10,000 lọ́wọ́ mi yóò fi 12,000 ránṣẹ́. Nígbà tí ó burú jù, mo gbé e sókè ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ọkùnrin tí a jọ ń gbé ojúlé kan náà wá bá mi. Ara ọmọ rẹ̀ gbóná, oníkẹ́míìsì kò gba owó orí fóònù nítorí nẹ́tíwọ̀kì kò dúró. Ó ní, “Alájọgbé, ẹ fún mi ní 5,000, n ó fi 5,000 ránṣẹ́ sí yín nísinsìnyí.” Mo dá a lóhùn pé iye tí gbogbo ènìyàn ń san ni òun náà yóò san. Ó wo ojú mi fún ìgbà díẹ̀, ó tẹ owó náà ránṣẹ́ pẹ̀lú èlé rẹ̀, ó sì dúró láìsọ̀rọ̀ títí owó náà fi wọlé sórí fóònù mi. Mo ka owó fún un. Owó tuntun ni, ó ṣì ń lẹ̀ mọ́ra, mo ní láti tọ́ ìka sẹ́nu kí n tó lè kà á.

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ara ọmọ náà yá. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bàbá rẹ̀ kì í gba iwájú ìsọ̀ mi kọjá mọ́, òdì kejì títì ni ó máa ń gbà. Nígbà tí ìyá mi kú, mo mú káàdì ìsìnkú lọ fún un. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó kí mi kú ìrọ́jú, kò sì wá.

Kristẹni ni mí. Ní gbogbo oṣù Kejì yẹn, mo san ìdámẹ́wàá mi pé pérépéré.

Arìnrìnàjò_Kaduna

Ẹ gbà mí láyè kí n béèrè ohun kan tí ó ń dààmú mi, nítorí ó jọ pé a ti ń kó gbogbo oníṣòwò sínú àpò kan. Ní Kaduna níhìn-ín, tíyà ni a fi ń wọn ọkà, àwọn tí wọ́n sì ń ra àgbàdo lẹ́yìn ìkórè, tí wọ́n ń kó o pamọ́ títí di àsìkò òjò kí wọ́n tó tà á ní ọjà bí Dawanau ní Kano, kò níye. Ṣé olójúkòkòrò ni gbogbo wọn? Jósẹ́fù náà kó ọkà pamọ́. Ọdún méje ni ó fi ń gba ìdá kan nínú márùn-ún irè ilẹ̀ Íjíbítì, a sì ń yìn ín nínú ìwàásù. Ọlọ́rọ̀ inú Lúùkù orí 12 kọ́ àká tí ó tóbi, Ọlọ́run sì pè é ní aṣiwèrè. Níbo ni ààlà wà?

Olùkọ́_Gwagwalada

Ìbéèrè yìí dára, mo sì ti fi í kọ́ni rí nínú kíláàsì àwọn àgbà ní Ilé Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi.

Ẹ lọ ka ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ yẹn láti ẹsẹ 17 dé 19, kí ẹ sì wá ẹni tí ó ń bá sọ̀rọ̀. Ara rẹ̀ ni. “Èmi yóò ṣe èyí, èmi yóò wó àká mi, èmi yóò kó èso mi jọ, èmi yóò wí fún ọkàn mi.” Kò sí aya níbẹ̀, kò sí ọmọ, kò sí alágbàṣe tí ó bá a kórè, kò sí aládùúgbò. Ohun tí ó sì fa ìtàn náà ni ọkùnrin kan tí ó ní kí Jésù bá òun sọ fún arákùnrin òun kí ó pín ogún fún òun. Ọ̀rọ̀ ogún ni, irú èyí tí ó ń fọ́ ilé ní ìlú wa lójoojúmọ́. Jésù kò dá ẹjọ́ náà. Ó yíjú sí gbogbo èrò, ó sì kìlọ̀ fún wọn nípa ojúkòkòrò, bí ẹni pé arákùnrin méjèèjì ni ó ń ṣe.

Ní ti Jósẹ́fù, àwọn ènìyàn mọ ìdí tí ó fi ń kó ọkà jọ, nígbà tí ìyàn sì dé, ó ṣí àká. Òwe 11:26 sọ ọ́ ketekete: ẹni tí ó bá dá ọkà dúró ni àwọn ènìyàn yóò fi bú, ìbùkún yóò sì wà lórí ẹni tí ó tà á. A kò bá ẹni tí ó dá ọkà dúró wí nítorí pé ó kó o pamọ́, bí kò ṣe nítorí pé ebi dé tí ó sì ń dúró kí ó pọ̀ sí i. Síbẹ̀, kí n má tan yín, Jẹ́nẹ́sísì orí 47 wà níbẹ̀ pẹ̀lú: àwọn ará Íjíbítì fi ẹran ọ̀sìn ra ọkà, wọ́n fi ilẹ̀ rà á, wọ́n sì fi ara wọn rà á. Ara mi kì í balẹ̀ bí mo bá dé orí yẹn, n kì í sì í yára kọjá rẹ̀.

Àpẹẹrẹ kan wà lẹ́yìn ìgbà àwọn àpọ́sítélì tí mo fẹ́ràn. Ní nǹkan bí ọdún 369, ọ̀dá mú ìyàn wá sí Késáríà ní Kapadókíà (ní ilẹ̀ Tọ́kì òde òní), àwọn ọlọ́rọ̀ sì ti ilẹ̀kùn àká wọn, wọ́n ń retí owó gọbọi. Basil, tí ó di bíṣọ́ọ̀bù ìlú náà ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, wàásù fún wọn lórí ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ inú Lúùkù yẹn gan-an. Ó ní oúnjẹ tí o ń tì mọ́lé, ti ẹni tí ebi ń pa ni. Ẹ̀wù tí ó wà nínú àpótí rẹ, ti ẹni tí ó wà ní ìhòòhò ni. Àwọn kan ṣí àká. Òun fúnra rẹ̀ sì ró aṣọ mọ́ ìdí, ó ń bu ọbẹ̀ ẹ̀wà fún àwọn tí ebi ń pa, bí ọ̀rẹ́ rẹ̀ Gregory ti jẹ́rìí sí i.

ỌmọÌlọrin_Wuse

Ẹ dárí jì mí bí ọ̀rọ̀ mi bá le. Gbogbo ohun tí ẹ sọ nípa ọjà ni mo gbà, ṣùgbọ́n níbo ni oníṣòwò ti kọ́ ọ? Nínú ìjọ tí mo wà nígbà kan, ẹni tí ó bá gbé owó ńlá wá ní ìkórè ni a ń fún ní àga iwájú, a kì í béèrè bí ó ti rí i. Nígbà tí MMM, ètò ìsọ-owó-di-púpọ̀ yẹn, gbòde ní ọdún 2016, tí wọ́n ń ṣèlérí èlé ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lóṣooṣù, orí pẹpẹ ni àwọn kan ti ń jẹ́rìí rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ owó àwọn ènìyàn, a gba àdúrà fún wa lòdì sí ọ̀tá. Kò sí ẹni tí ó sọ pé ojúkòkòrò tiwa ni ó gbé wa débẹ̀.

Alábòójútó

A dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ẹ jọ̀wọ́, kí a má ṣe dárúkọ ìjọ tàbí ènìyàn kankan, kí a sì padà sí ìbéèrè tí ìyá wa gbé kalẹ̀.

ÌyáÌbejì_Kubwa, ọjọ́ Ẹtì

Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ti lọ bá a lánàá, èmi nìkan, gẹ́gẹ́ bí Mátíù 18 ti wí. N kò lọ nígbà tí ọjà kún. Mo dúró títí ó fi ń ká tapólì rẹ̀, mo bá a gbé àpò kan wọlé, lẹ́yìn náà ni mo dojú mudu dé, mo sì gbé ọwọ́ mi lé e.

Kò jiyàn. Ó ní òun kọ́ ni òun lù ú, pé bẹ́ẹ̀ ni òun ti rà á, nítorí oríṣi méjì ni wọ́n ń tà fún àwọn oníṣòwò: èyí tí ó pé àti èyí tí ó “ní èrè nínú.” Ẹ wo orúkọ tí wọ́n fún un! Ó ní ní ọdún àkọ́kọ́, òun máa ń bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e láti fi tu ọkàn òun nínú, nígbà tí ó yá òun kò bù ú mọ́. Lẹ́yìn náà ni ó wá bi mí ní ohun tí n kò rí ìdáhùn sí: “Mọ̀mọ́ ìbejì, Sákéù agbowó òde inú Bíbélì mọ àwọn tí ó rẹ́ jẹ, ó lè san án padà ní ìlọ́po mẹ́rin. Ta ni èmi fẹ́ san tèmi fún? Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń kọjá lọ ni, n kò mọ orúkọ wọn.”

Ẹ bá mi dá a lóhùn.

Olùkọ́_Gwagwalada

Òfin Mósè rò ó ṣáájú wa. Nínú Númérì orí 5, ẹni tí ó bá ṣẹ ọmọnìkejì rẹ̀ yóò jẹ́wọ́, yóò san ohun tí ó gbà padà, yóò sì fi ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀ kún un. Bí kò bá sì sí ẹni tí a lè san án fún, ti Olúwa ni, a óò fún àlùfáà.

ỌmọÌlọrin_Wuse

Olùkọ́, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ṣé ẹ ń sọ pé kí èrè mudu tí ó wọnú wá di ọrẹ nínú ìjọ wa? Àga iwájú náà ni yóò tún fi rà.

Alàgbà_Lugbe

Níbi yìí, mo wà lẹ́yìn ọmọ Ìlọrin. Àlùfáà ìgbà náà kò ní ilẹ̀ tí yóò fi dáko. Tiwa ní jẹnẹrétọ̀ méjì. Èrò tèmi ni pé inú ọjà tí a ti gbà á ni kí ó padà sí. Ẹ jẹ́ kí ó fi mudu tí ó pé máa tà, kí ó sì máa bu ènì tí ó jọjú fún ẹnikẹ́ni tí ó bá wá, ẹni tí ó mọ̀ àti ẹni tí kò mọ̀, títí ọkàn rẹ̀ yóò fi sọ fún un pé ó ti tó. Àwọn tí ó ń ra mudu kan ṣoṣo ni kí ó fi ṣáájú, nítorí àwọn ni kòtò yẹn ń ká lára jù. Kí ìjọ má sì pè é síwájú. Àwa tí a ó máa wò ó, mélòó nínú wa ni a ti dojú mudu tirẹ̀ dé?

BàbáPOS_Nyanya

Mo ti mú owó náà lọ fún alájọgbé mi ní àárọ̀ yìí. Kò gbà á. Ṣùgbọ́n ó ní kí n jókòó.

ÌyáÌbejì_Kubwa, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà

Mo ṣèlérí pé n ó padà wá jábọ̀. Arábìnrin náà kò ra mudu tuntun. Ó gbé èyí tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ kan, ó lu ìdí rẹ̀ jáde láti inú, ṣùgbọ́n àpá rẹ̀ kò lọ, ó yí ìdí náà ká bí òrùka. Ó ti gbé owó lé ọjà rẹ̀ díẹ̀, nítorí náà àwọn oníbàárà kan ti fi í sílẹ̀, ó sì jẹ́wọ́ fún mi pé ọ̀sẹ̀ kejì fẹ́rẹ̀ẹ́ lé òun padà sí ti àtijọ́. Nígbà tí mo lọ ní Sátidé, ìyá arúgbó kan, ọmọ Gbágyì, wá ra ẹ̀wà mudu kan. Kí ó tó sanwó, ó gbé mudu, ó yí i padà, ó fi àtàǹpàkò tọ òrùka yẹn yípo, ó sì wo ojú arábìnrin wa. Arábìnrin wa kò sọ̀rọ̀. Ó gba mudu, ó wọn ẹ̀wà náà kún dẹ́múdẹ́mú, ó sì bu ènì lé e títí ó fi ń dà sílẹ̀.

OnírẹsìDeiDei

Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́. Alágbẹ̀dẹ yẹn, apá ibo nínú ọjà ni ó wà?

ÌyáÌbejì_Kubwa

Ẹ̀yìn àwọn alátàrodo, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí àwọn mai ruwa ti ń pọn omi. Owó rẹ̀ kò pọ̀. Ẹ lọ ní kùtùkùtù.